Ìkíni Tí Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fi Kún Un

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Adétutù Ikúbọlájẹ́ fi tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ní Sẹkitéríàtì, kò sì sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀, Adétutù á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá á bọwọ́ lùwé gàdàgbà-gàdàgbà, Adétutù á fi lẹ́tà mẹ́ta kékeré sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé: a.d.i., ìyẹn Adétutù Dọ́káàsì Ikúbọlájẹ́. Bí àwọn atẹ̀wé ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí bí àṣìṣe bá wọ inú ìwé. Ìwé ìgbéga, ìwé ìsinmi, ìwé ìyọniníṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá.

Lọ́dún kan tí ìjọba dá àwọn awakọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, òun ló tẹ ìwé àwọn mẹ́tàdínlógún tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó ti ń wa ọkọ̀ fún ìjọba kí Adétutù tó wọṣẹ́, wá dúró níwájú tábìlì rẹ̀, ó na ìka sí àwọn lẹ́tà kékeré náà, ó ní, "Ìyáàfin, ọwọ́ yín rèé."

Adétutù ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ ni."

Bàbá náà ká ìwé rẹ̀, ó lọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni Adétutù sọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni ìdáhùn náà kò ti tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ó máa ń rántí rẹ̀ bó bá ń fọ abọ́, inú a sì máa bí i sí ara rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1996, ọkọ rẹ̀ ti kú, Òkìkíọlá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Manchester. Ó ta aṣọ òfì méjì, ó fi owó ìfẹ̀yìntì kún un, ó ra ṣọ́ọ̀bù kan sí Agbowó, ní òdìkejì yunifásítì, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn. Òkìkíọlá fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Lọ́dún 1998, ó tún ṣe nǹkan mìíràn tí ìyá rẹ̀ kò béèrè: ó ya ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, ó sọ ọ́ ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Agbowó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Agbowó rí lè wọlé síbẹ̀ láti ibikíbi láyé, kó kí ará, kó béèrè ọ̀rẹ́ tó sọ nù, kó sọ tinú rẹ̀. Lórí ojú ewé náà, gàdàgbà, Òkìkíọlá kọ ọ́ pé ìyá òun ló ni ín.

Àwọn tó wà lókè òkun ń kọ ọ̀rọ̀ wọn fúnra wọn. Àwọn tó wà nílé ńkọ́? Mélòó nínú wọn ló mọ ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà nígbà yẹn? Wọ́n á kọ tiwọn sórí bébà, wọ́n á mú un wá fún Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí orúkọ tí gbogbo Agbowó ń pè é nìyẹn kó tó pé oṣù mẹ́ta. Òun á tẹ̀ ẹ́, á so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, nǹkan náà á ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ọ̀rọ̀ á sì lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á tẹ gbogbo ohun tó wọlé lọ́sẹ̀ náà jáde, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn á sì dúró sínú oòrùn máa kà á.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bí i nínú nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Ọmọ á kàn já wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, á ní, "Mo ń wá Túndé tó gbé ilé aláwọ̀ ewé." Kò ní ẹ kú ilé, kò ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, àgbàlagbà sì wà níbẹ̀ o! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, alúfàá ìjọ wà níbẹ̀. Adétutù kò lè fara dà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkíni síwájú ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí kò bá kí ará, á sì fi àdúrà ìlà kan dè é nídìí. Kò yí ohun mìíràn padà. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Àwọn tó wà lókè òkun tilẹ̀ ń sọ pé bí àwọn bá ti rí ìkíni náà, ilé a máa wu àwọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Ìdùnnú wọlé, ó fi bébà kan lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà rù, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọdún tó máa parí ẹ̀kọ́ nìyẹn, ìdánwò rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi sí i o."

Ohun tó kọ rèé: "Ẹ má gba yàrá ní Ilé Olúgbádé. Omi kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọ inú kànga. Àwa mẹ́fà la ti ṣe àìsàn táífọ́ọ̀dù láàárín oṣù méjì. A sọ fún Olóyè, wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó kẹ́rù rẹ̀."

Adétutù kà á, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Orúkọ rẹ kò ní hàn síbì kankan." Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó padà sókè, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa, ẹ sì kú ojú lọ́nà." Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó fi kún un pé: "Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo wa sí o." Ó fi í ránṣẹ́, ó ya bébà ọmọ náà sí wẹ́wẹ́, ó padà sídìí iṣẹ́ ìwádìí ẹnì kan tó fẹ́ gbà á lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Olóyè Olúgbádé fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston ló tẹ̀ ẹ́ láago pé, "Dádì, wọ́n ti kọ yín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì." Olóyè kò tíì fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó máa bá jà.

"Ìyáàfin, ẹ kó ìwé náà wá, kí n fà á ya."

"Ẹ káàárọ̀, Olóyè. Ẹ jókòó ná."

"N kò jókòó. Ìwé náà dà?"

"Kì í ṣe ìwé, Olóyè. Inú ibí yìí ló wà." Ó tan kọ̀ǹpútà, ó fi hàn án. Olóyè tẹ̀ síwájú, ó fi awò ojú kà á sókè láti òkè délẹ̀, ó sì dé ibi àdúrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín kó tó rántí pé òun ń bínú.

"Ẹ wo ìwà àfojúdi! Ẹ bú mi, ẹ tún wá ń ṣàdúrà!"

Ibí yìí ni Adétutù ti ṣe ohun tó kó o sí wàhálà. Ó rí i pé ara àgbàlagbà náà ti ń gbọ̀n, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tútù pa iná náà, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Olóyè, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ni, wọn kò mọ̀ọ́ kí. Èmi ni mo bá wọn fi ìkíni yẹn síbẹ̀, èmi náà ni mo fi àdúrà yẹn sí i, kó má baà dà bíi pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún yín."

Olóyè sún mọ́ ọn. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun," ni Olóyè wí, ó sì jáde lọ láìsọ ohun mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹta, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà Olóyè tó ní ọ́fíìsì ní Ring Road. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó ń kà á, ó sì ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá lọ́la. Ìwé náà ní Adétutù ti ba Olóyè lórúkọ jẹ́ lójú gbogbo ayé. Ó ní kì í ṣe pé ó gba ọ̀rọ̀ náà láyè lórí ojú ewé rẹ̀ nìkan, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ó fi ìkíni síwájú, ó fi àdúrà sẹ́yìn, ó ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì ti jẹ́wọ́ èyí fún Olóyè lójúkojú. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méje. Kó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kó bọwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n máa gbé sí ìwé ìròyìn, kó sì dárúkọ ẹni tó bá a lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé-ẹjọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá sì dá a lẹ́bi, ṣọ́ọ̀bù àti kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀ máa lọ sí i.

Ó ka ibi ìkíni lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àlíù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, ti gbọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó wá jókòó tì í. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn lórúkọ ọmọ yẹn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Àlíù, mo ti ṣèlérí fún un."

"Ìlérí wo? Ṣé òun ló máa san án fún yín bí wọ́n bá kó gbogbo nǹkan yìí lọ?"

Adétutù dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ Àlíù kò wọ̀ ọ́ létí. Ó wọ̀ ọ́ létí dáadáa, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ lọ́yà Ọlábọ̀dé ló lọ ní Dùgbẹ̀. Ọmọ ìjọ rẹ̀ ni, Adétutù ló kọ́ ọ ní orin inú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ọlábọ̀dé ka ìwé náà, ó gbé e kalẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ fún yín. Kò sí ilé-ẹjọ́ kankan nílẹ̀ yìí, tí mo mọ̀, tó ti dá irú ẹjọ́ yìí rí. Òfin tó wà nílẹ̀, ti ìwé ìròyìn ni. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó gbé e jáde, àwọn méjèèjì ló máa jẹ́jọ́. Ẹni tó kàn ń tà á lẹ́bàá títì, tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó lè bọ́. Èwo nínú wọn wá ni ẹni tó ni ojú ewé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà títí di òní, kódà lókè òkun."

"Bọ̀dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ní. Ṣé ẹni tó ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ni gbogbo ohun tí àlejò bá sọ níbẹ̀?"

"Rárá mà. Ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ kí àlejò yín dá sọ ọ́. Ẹ bá a kí ará, ẹ bá a ṣàdúrà."

"Ìkíni ti wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ìkíni ló fi hàn pé ẹ kà á, pé ẹ lágbára láti yí i padà, pé ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé e jáde. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ bó ṣe wá ni, mo lè ní atẹ̀wé lásán ni yín. Lẹ́yìn náà, Olóyè ti wá bá yín, ẹ ti wá mọ̀ pé ó ń bínú, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn tún burú sí i."

"Bí mo bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ó lè dín ìyà kù. Kò ní pa ẹjọ́ rẹ́."

"Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

Ọlábọ̀dé gbé orí sókè. "Bó bá jẹ́ òótọ́, tí ẹ sì lè fi hàn, kò sí ẹjọ́ mọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi hàn, kì í ṣe Olóyè. Màmá, ẹ ti rí kànga náà fúnra yín?"

Adétutù mi orí. Kò tíì rí i. Ọ̀rọ̀ tó kan orúkọ èèyàn àti ẹ̀mí èèyàn, ó ti tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tẹ ìwé àwọn awakọ̀ mẹ́tàdínlógún yẹn, láìwo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè jókòó mọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ takisí padà sí Agbowó, kò yà sí ṣọ́ọ̀bù, ilé Olúgbádé ló gbà lọ tààrà.

Ilé alájà méjì ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ òféefèé. Bàbá Àyànkúnlé, tó ń bójú tó ilé náà, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì. Adétutù kí i, ó ní òun ń wá yàrá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Irọ́ ni, kò sì ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kankan tó ń wá yàrá, Ọlọ́run á dárí ìyẹn jì í. Bàbá gbé àga fún un. Oòrùn mú, ọ̀nà sì ti gbẹ ẹ́ lọ́fun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá omi mu."

Bàbá Àyànkúnlé dìde, ó yíjú sí ibi tí kànga wà. Garawa wà létí rẹ̀, omi wà nínú garawa. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjá lára kànga, ó jáde sí títì, ó dá títì kọjá, ó ra omi inú ọ̀rá kan bọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi dààmú bẹ́ẹ̀? Omi ṣáà wà níbẹ̀ yẹn."

Bàbá fojú wo ilẹ̀. "Àlejò ni yín, mà. Ìyẹn, ẹ jẹ́ kó wà fún fífọ aṣọ."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ra tèmi mu."

Adétutù mu omi náà tán, ó dúpẹ́. Ó ní kí bàbá jẹ́ kí òun wo àyíká, ó sì rìn yí ẹ̀yìn ilé ká. Ó rí ọmọrí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti sán, ó rí omi dúdú tó ń ṣàn wá láti ibẹ̀, tó ń wá ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ tó ń wá náà kò sì ju ìdí kànga lọ. Ó fi ẹsẹ̀ ka ibi tó wà láàárín méjèèjì. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré. Òórùn ibẹ̀ gbá a nímú títí tó fi délé.

Inú bí i, irú èyí tí kò bí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àmọ́ ẹ̀rù kò bà á mọ́.

Ìdùnnú ló bá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Àlíù, tó rí i lọ́jọ́ tó mú bébà wá, ti sọ fún un. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mummy, ẹ dárúkọ mi fún wọn. Èmi ni mo kọ ọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù yín nítorí mi."

"Bí mo bá dárúkọ rẹ, níbo lo máa sùn títí ìdánwò fi máa parí?"

Ìdùnnú fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Dìde nílẹ̀. Ọjọ́ wo ni ìwé àkọ́kọ́?"

"Mọ́ńdè, mà."

"Lọ kàwé." Ọmọ náà kò tètè lọ. Adétutù fọwọ́ tì í jáde.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n pàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà Olóyè. Olóyè jókòó lórí àga ńlá, lọ́yà rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, Adétutù àti Ọlábọ̀dé jókòó sí iwájú wọn. Wọ́n ti tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀. Lọ́yà Olóyè tì í síwájú rẹ̀, ó fi bírò lé e lórí. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, Adétutù ń gbọ́ ìró ẹnì kan tó ń tẹ̀wé.

Ó gbé ìwé náà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó wo òkè. Ó wà níbẹ̀, lápá òsì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé: f.b.o. Obìnrin kan nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Adétutù bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, kò sì kánjú.

"Lọ́yà, mo ní ìbéèrè kan. Ìwé tí ẹ kọ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní mo fi ìkíni síwájú ọ̀rọ̀ yẹn, mo fi àdúrà sẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà mo ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tèmi. Ṣé bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ṣì dúró lórí rẹ̀?"

Lọ́yà náà wo Ọlábọ̀dé, bóyá ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Ọlábọ̀dé náà kò mọ ibi tó ń lọ. "A dúró lórí rẹ̀, mà."

"Ó dáa. Mo gbà."

"Ẹ gba kí ni?"

"Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tèmi ni. Láti ibi ẹ kú ilé títí dé ibi Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wa sí. Mo ti dé ibi kànga náà fúnra mi, mo ti rí i, ojú mi kò sì fọ́. Tèmi ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sì ti jẹ́ tèmi, orúkọ ta lẹ tún ń béèrè lọ́wọ́ mi?"

Ọlábọ̀dé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́.

Lọ́yà Olóyè rọra sọ̀rọ̀. "Mà, ẹni tó mú un wá..."

"Ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé yín pé èmi ni. Ẹ kò lè wá pín in sí méjì nísinsìnyí."

Olóyè fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀. "Obìnrin yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Màá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní màá gbà á!"

"Ẹ wá gbà á, Olóyè. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń ṣí i, ẹ ó bá mi níbẹ̀. Sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ ni mo ń tẹ̀, wọn kì í gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi. Bí ẹ bá rò pé lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀yin ló máa wá pa mí lẹ́nu mọ́ nítorí kànga, ẹ ti pẹ́ jù." Ó dá bírò padà sórí tábìlì. "N kò ní bọwọ́ lù ú. Ẹ kú ìjókòó o."

Lórí àtẹ̀gùn, Ọlábọ̀dé sáré bá a. "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yìí? Ẹ kò tún lè sọ pé atẹ̀wé lásán ni yín mọ́. Kò sí ibi tí ẹ lè sá pamọ́ sí mọ́."

"Mo mọ̀, Bọ̀dé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi sá pamọ́. Ó sú mi."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pa ọ̀rọ̀ Ìdùnnú rẹ́ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ohùn ọmọ náà mọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tirẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó ń sọ ohun tó máa kọ fún un.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Olóyè Olúgbádé, ẹ kú ọ̀sán o. Mo dé ilé yín ní Agbowó lọ́jọ́rú. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà láàárín kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ yín àti kànga yín, ọmọrí kòtò náà ti sán, omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sídìí kànga. Mo fojú ara mi rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí ọmọ ọlọ́mọ tó kú. Ẹni tó bá ti gbé ilé náà rí, kó wá sọ bó ṣe rí fún un. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo wa sí."

Ó dé ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ó tẹ ibẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá: ADÉTUTÙ DỌ́KÁÀSÌ IKÚBỌLÁJẸ́. Ó fi orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kún un, bí Olóyè bá fẹ́ wá. Ẹ̀rọ ké bí ológbò, ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó tẹ ẹ̀dà kan jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lóde, ọjọ́ Sátidé kò sì tíì dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó gbá ilẹ̀, ó kọ́kọ́ wo Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ti wọlé. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan kọ̀wé láti Àbújá, ó ní òun gbé yàrá kẹrin ní ilé náà lọ́dún 1994, oṣù kan gbáko lòun lò nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé láti London, tọkọtaya kan láti Mọ́kọ́lá níbí, wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ níbi tí wọn kò sọ. Wọ́n kọ orúkọ wọn ní kíkún, wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá, wọ́n kọ ọdún. Ẹnì kan ṣì ní ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ó béèrè pé ibo ni kí òun fi ránṣẹ́ sí. Adétutù ka gbogbo rẹ̀, ìka rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ bó ṣe máa ń wà, ó ń wá ẹni tó máa bá fi ìkíni kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò rí ẹnì kan. Gbogbo àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló kọ́kọ́ kí ará ilé, kò sì sí ohun tó kù tó máa tún ṣe níbẹ̀.

Ó tẹ Ọlábọ̀dé láago. Ọlábọ̀dé ní kó má fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú wọn, kó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, òun ń bọ̀. Ó ní lọ́yà Olóyè ti pe òun láago méje àárọ̀, ó ní àwọn ń tọrọ àkókò díẹ̀ sí i kí àwọn tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ohùn ọkùnrin náà ti rọ̀.

Adétutù ń to bébà náà nígbà tí Ìdùnnú yọ sẹ́nu ọ̀nà, báàgì ìwé wà léjìká rẹ̀. Ó ti dúró ka pátákó tó wà lóde.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ tèmi náà. Mo fẹ́ fi orúkọ mi sí i."

Adétutù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ náà ṣì rù, ṣùgbọ́n ó nàró gbọnyingbọnyin.

"Lọ ṣe ìdánwò rẹ ná," ni Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wí. "A kò ti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa."